Fáìlì ààlà agbègbè ìdìbò TIGER/Line: ó ṣeé fọkàn tán, bí ẹ bá mọ ibi tó yẹ kí ẹ wò

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ààlà agbègbè ìdìbò ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà ṣe ń yí padà, fáìlì máàpù tí wọ́n ń pè ní TIGER/Line, ti Census Bureau, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ka èèyàn níbẹ̀, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kò ní forúkọ sílẹ̀, ẹ kò ní fún ẹnikẹ́ni ní ímeèlì yín, gbogbo ìpínlẹ̀ 50 ló sì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ya máàpù ìdìbò fún títà, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń pọnmi.

Àmọ́ nǹkan méjì wà nínú rẹ̀ tó ń ṣi èèyàn lọ́nà: ọdún tó wà lára orúkọ fáìlì, àti nọ́ńbà tí wọ́n fún agbègbè ìdìbò. Ẹni tí kò bá ṣọ́ méjèèjì á ya máàpù tó dùn ún wò tí kò sí òótọ́ nínú rẹ̀. A ti rí irú máàpù bẹ́ẹ̀ káàkiri, ó sì ń dùn wá, torí pé àwọn aráàlú ló ń gbà á gbọ́.

Kí a tó débẹ̀, ìdí tí ààlà fi ń ṣí kò ju pé àwọn èèyàn ń ṣí lọ. Nígbà tí ẹjọ́ Baker v. Carr dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 1962, ìpínlẹ̀ Tennessee kò tíì tún agbègbè ìdìbò rẹ̀ pín láti 1901. Ìlú ńlá ti kún, abúlé ti dá, síbẹ̀ abúlé ló ní aṣòfin púpọ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ẹjọ́ Reynolds v. Sims fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé iye èèyàn ni kí wọ́n máa fi pín ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ méjèèjì. Láti ìgbà náà, gbogbo ìkànìyàn ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ló ń lé ààlà kúrò níbi tó wà. Ohun tí àwọn ilé ẹjọ́ sábà máa ń gbà ni pé kí àlàfo tó wà láàárín agbègbè tó pọ̀ jù àti èyí tó kéré jù má kọjá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ wo Georgia. Ìkànìyàn 2010 ka èèyàn 9,687,653 níbẹ̀. Ẹ pín in sí agbègbè 180 ti ilé aṣojú-ṣòfin, ó di nǹkan bí 53,820 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 2020, iye náà di 10,711,908, agbègbè kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ súnmọ́ 59,511. Èyí túmọ̀ sí pé agbègbè tí èèyàn rẹ̀ kò pọ̀ sí i, tí kò sì dín, ti jẹ gbèsè èèyàn tó lé ní 5,600. Ibo ló ti máa rí wọn? Lára aládùúgbò rẹ̀ ni. Aládùúgbò náà á na ọwọ́ sí ẹni tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí yóò fi kan agbègbè Atlanta níbi tí èèyàn ti pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí ààlà tó wà ní ìkangun gúúsù ìpínlẹ̀ náà fi lè ṣí nítorí ilé tí wọ́n kọ́ sí àríwá.

Ẹni tó ń ka èyí láti ilé á rántí pé ẹsẹ̀ 114 òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà náà sọ̀rọ̀ nípa yíyẹ ààlà agbègbè ìdìbò ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ wò, ó kéré tán ọdún mẹ́wàá síra. Ọdún 1996 ni àtúnpín tó kárí orílẹ̀-èdè wáyé kẹ́yìn. Kò yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ wa rò pé ààlà agbègbè ìdìbò jẹ́ ohun tí kì í ṣí.

Bí ẹ ṣe máa rí fáìlì náà gbà nìyí. Ní census.gov, ẹ wá TIGER/Line Shapefiles, ẹ mú ọdún, lẹ́yìn náà ẹ mú State Legislative Districts, kí ẹ wá yan ìpínlẹ̀. Fáìlì zip ni yóò wọlé. Orúkọ rẹ̀ á dà bíi tl_2022_13_sldl: 2022 ni ọdún ìtẹ̀jáde, 13 ni nọ́ńbà Georgia, sldl sì ni ilé aṣojú-ṣòfin. Bó bá jẹ́ sldu, ti ilé aṣòfin àgbà nìyẹn. Ẹ tú zip náà sínú fódà kan ṣoṣo, ẹ má sì ya àwọn fáìlì inú rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí .shp ló ní àwòrán, .dbf ló ní tábìlì, .shx ni atọ́ka àwòrán náà, .prj ló ń sọ irú ìwọ̀n ilẹ̀ tí wọ́n lò. Bí .prj bá sọnù, máàpù yín lè lọ jókòó sórí òkun. QGIS, ètò kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ máàpù tó jẹ́ ọ̀fẹ́ náà, á ṣí i láìsí wàhálà.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ọdún. Ẹ ṣí tábìlì fáìlì náà, ẹ wá kọ́lọ́ọ̀mù tó ń jẹ́ LSY. Òun ló ń sọ ètò ìdìbò tí ààlà yẹn jẹ́ tirẹ̀. Ọdún tó wà lára orúkọ fáìlì, ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nìkan ni. Fáìlì 2020, bí àpẹẹrẹ, LSY rẹ̀ jẹ́ 2018. Ẹni tó bá gbé 2018 àti 2020 síra lórí, tó rí i pé kò sí ìyàtọ̀, tó wá kọ ọ́ pé “ààlà kò yí”, ohun kan náà ló fi wé ara rẹ̀. Ọdún méjì méjì ni Census Bureau ń gba ààlà tuntun lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀, nítorí náà LSY ni kí ẹ fi to àwọn fáìlì yín. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a máa ń yí orúkọ fódà padà lójú ẹsẹ̀, kí LSY wà níwájú: GA_sldl_2018, GA_sldl_2022, GA_sldl_2024. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni, ó sì ń gba èèyàn lọ́wọ́ àṣìṣe ọ̀sẹ̀ kan.

Kí a tó dé ọ̀rọ̀ nọ́ńbà, ìdẹkùn mìíràn wà tí kì í tètè hàn. Bí ẹ bá gbé ààlà àtijọ́ àti tuntun síra lórí ní QGIS, tí ẹ lo Intersection láti rí ibi tí ilẹ̀ ti kúrò ní ọwọ́ agbègbè kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn, ẹ máa rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilẹ̀ pẹ́lẹ́bẹ́ bí okùn bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà àti odò. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe àyípadà rárá. Census Bureau máa ń tún ojú òpópónà ṣe lórí máàpù rẹ̀ bó bá rí àwòrán tó péye jù; ààlà tó bá gba ojú títì yẹn kọjá á bá a ṣí lọ ní mítà mélòó kan. Títì ni wọ́n gbé sún, ẹnì kankan kò kúrò ní agbègbè rẹ̀. Láti mú wọn kúrò, ẹ kọ́kọ́ yí fáìlì méjèèjì sí EPSG:5070, ìwọ̀n ilẹ̀ tó ń lo mítà, torí pé EPSG:4269 tí wọ́n bá dé ń ka ilẹ̀ ní dígírì, ẹ kò sì lè fi dígírì wọn ilẹ̀ ní mítà. Lẹ́yìn náà ẹ fi Buffer sún gbogbo ègé náà wọnú ní mítà 20. Èyí tó bá pòórá, okùn bàtà ni. Èyí tó bá kù, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣùgbọ́n kí a sọ òótọ́, ìwọ̀n ilẹ̀ kọ́ ló yẹ kí ẹ fi díwọ̀n àyípadà. Oko ńlá kan lè bọ́ sí agbègbè mìíràn kó má gbé ju èèyàn 12 lọ, nígbà tí ilé gíga mẹ́rin ní ìgboro lè kó èèyàn 2,000 lọ láìjẹ́ pé ojú rí i lórí máàpù. Ibi tí iṣẹ́ Census Bureau ti wú wa lórí jù lọ nìyí, ó sì jẹ́ ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò dé: àwọn fáìlì búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù ni ègé ilẹ̀ tó kéré jù tí wọ́n ń ka èèyàn sí, èyí tí òpópónà, odò tàbí ojú irin sábà máa ń yí ká. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó gùn tó ẹyọ 15: méjì fún ìpínlẹ̀, mẹ́ta fún káúńtì, mẹ́fà fún tract (àdúgbò tí ọ̀pọ̀ búlọ́ọ̀kù kóra jọ sí), mẹ́rin fún búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀.

Ohun mẹ́ta lẹ nílò. Àkọ́kọ́ ni fáìlì tó so búlọ́ọ̀kù 2020 mọ́ agbègbè àtijọ́. Fún Georgia, BlockAssign_ST13_GA_SLDL.txt lorúkọ rẹ̀, ó sì wà nínú zip BlockAssign_ST13_GA. Agbègbè tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti 2018. Ìkejì ni fáìlì búlọ́ọ̀kù fún ètò 2022, tó wà lábẹ́ Redistricting Data Program, ètò Census Bureau fún àtúnpín ààlà. Ìkẹta ni iye èèyàn búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, tábìlì P1 nínú dátà tí òfin P.L. 94-171 ti 1975 pàṣẹ pé kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn ìpínlẹ̀. Òfin náà ní kó dé wọn lọ́wọ́ kí April 1 ọdún tó tẹ̀ lé ìkànìyàn tó kọjá. Ní 2021, àjàkálẹ̀ àrùn sún un di August 12, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ fi ìkánjú ya ààlà wọn.

Ẹ fi nọ́ńbà búlọ́ọ̀kù so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Níbí ni nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́. Fáìlì BlockAssign ń fi àmì | ya kọ́lọ́ọ̀mù, kì í lo kọ́mà, nítorí náà ẹ sọ fún Excel nígbà tí ẹ bá ń gbà á wọlé. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé ọ̀rọ̀ ni BLOCKID, kì í ṣe nọ́ńbà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Alabama tó jẹ́ 01, California tó jẹ́ 06 àti Connecticut tó jẹ́ 09 á pàdánù òdo tó wà níwájú, kò sì ní sí ìlà kankan tó máa bá ẹlòmíràn mu. Ti P1 láti data.census.gov ní tirẹ̀ ní 1000000US níwájú nọ́ńbà; =RIGHT(A2,15) á gé e kúrò. Connecticut tún ní wàhálà mìíràn: láti 2022, Census Bureau ti fi agbègbè ìṣètò mẹ́sàn-án rọ́pò káúńtì mẹ́jọ tó wà níbẹ̀, nítorí náà nọ́ńbà káúńtì tó wà nínú búlọ́ọ̀kù ti yàtọ̀ sí ti dátà 2020. Bí Connecticut kò bá so pọ̀, ẹ má bú kọ̀ǹpútà yín.

Bó bá ti so pọ̀, ẹ ṣe PivotTable kan, ìyẹn tábìlì àkópọ̀ Excel: agbègbè 2018 sí ẹ̀gbẹ́, agbègbè 2022 sí òkè, àròpọ̀ èèyàn sí àárín. Ojúlé Excel kan gba ìlà 1,048,576, kò sí ìpínlẹ̀ tí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ka tábìlì náà láti òkè wá sísàlẹ̀. Ká sọ pé agbègbè tuntun kan ní èèyàn 59,500, tí 41,000 nínú wọn wá láti inú agbègbè àtijọ́ kan ṣoṣo. Ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́ nìyẹn, ìyókù jẹ́ àlejò. Nígbà náà lẹ máa rí i pé nọ́ńbà agbègbè kò ní ìtumọ̀ láti ètò kan dé òmíràn. Agbègbè 60 lónìí lè má ní èèyàn kan ṣoṣo láti inú Agbègbè 60 àná, torí pé àwọn tó ya ààlà gbé nọ́ńbà náà lọ sí apá mìíràn nínú ìpínlẹ̀. Ẹni tó bá wá ń fi èsì ìdìbò “Agbègbè 60” ọdún 2020 wé ti 2022 ń fi ìlú kan wé ìlú mìíràn.

Ẹ má fọkàn tán iye èèyàn búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo. Láti dáàbò bo àṣírí àwọn èèyàn, wọ́n ti fi ìṣirò dà á rú díẹ̀ ní 2020, débi pé ẹ lè rí búlọ́ọ̀kù tó ní èèyàn láìní ilé. Bí ẹ bá ti ro ó pọ̀ dé agbègbè ìdìbò, àṣìṣe yẹn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara rẹ̀ rẹ́.

Ilé ẹjọ́ náà ń yí ààlà padà láàárín ọdún mẹ́wàá, ibẹ̀ sì ni fáìlì yìí ti wúlò jù. Ní October 26, 2023, adájọ́ àpapọ̀ Steve Jones dá ààlà tí Georgia yà ní 2021 nù. Ó ní kí wọ́n fi agbègbè méjì tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti pọ̀ jù kún ti ilé aṣòfin àgbà, ní gúúsù Atlanta, kí wọ́n sì fi márùn-ún kún ti ilé aṣojú-ṣòfin: méjì ní gúúsù Atlanta, ọ̀kan ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, méjì ní Macon-Bibb àti àyíká rẹ̀. Àwọn aṣòfin ya òmíràn kí December 8 tó pé, adájọ́ fọwọ́ sí i ní December 28, òun ni wọ́n sì fi dìbò ní 2024. Bí ẹ bá fi LSY 2022 wé 2024 fún Georgia, ìwọ̀nyí lẹ máa rí: ìkórajọpọ̀ àyípadà ní àyíká Atlanta àti Macon, nígbà tí apá tó pọ̀ ní ìpínlẹ̀ náà wà bó ṣe wà. Ó yàtọ̀ pátápátá sí 2018 sí 2022, níbi tí ààlà ti mì káàkiri. Ìkànìyàn máa ń mi gbogbo ilé; ìdájọ́ ilé ẹjọ́ sábà máa ń mi yàrá kan.

Maryland yẹ kí a yà sọ́tọ̀, pàápàá torí pé Yorùbá pọ̀ ní Prince George's County. Agbègbè 47 ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yan sẹ́nétọ̀ kan àti aṣojú mẹ́ta. Àwọn kan dìbò fún aṣojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀, àwọn kan sì ti pín sí A àti B, tàbí A, B àti C. Agbègbè 47 ní Prince George's pín sí 47A tó ń yan aṣojú méjì, àti 47B tó ń yan ẹyọ kan. Fáìlì sldl kò ní kọ́lọ́ọ̀mù tó ń sọ iye aṣojú. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rí i pé èèyàn 47A fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti 47B, á sì pariwo pé wọ́n rẹ́ àwọn ará ibẹ̀ jẹ. Wọn kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ìkànìyàn 2020 ka èèyàn 6,177,224 ní Maryland. Agbègbè odindi tọ́ sí nǹkan bí 131,430, èyí tó ní aṣojú méjì tọ́ sí 87,620, èyí tó ní ẹyọ kan tọ́ sí 43,810. Ẹ fi ọwọ́ yín kọ kọ́lọ́ọ̀mù iye aṣojú sínú tábìlì kí ẹ tó ṣírò ohunkóhun. Ẹ rántí pẹ̀lú pé láti òfin 2010 ni Maryland ti ń ka ẹlẹ́wọ̀n sí àdírẹ́sì ilé rẹ̀, kì í ṣe sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, nítorí náà iye tí ìpínlẹ̀ náà fi ya ààlà yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Census Bureau.

Omi náà ń ba máàpù Maryland jẹ́. Ààlà TIGER/Line wọ inú omi lọ, nítorí náà àwọn agbègbè tó wà létí Chesapeake Bay máa ń sanra lójú ju bó ṣe yẹ lọ. Fún máàpù tí ẹ fẹ́ tẹ̀ síta, ẹ lo fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú cb_, tó parí sí 500k. Wọ́n ti gé e sí etí omi. Fún ìṣirò, ẹ padà sí tl_. Níbikíbi tí ẹ bá rí ZZZ gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà agbègbè, ibi tí kò sí lábẹ́ agbègbè kankan ni, omi ló sì sábà máa ń jẹ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ má sì wá sldl fún Nebraska: ilé aṣòfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní, aṣòfin 49, inú sldu ló wà.

Kí ni fáìlì yìí kò ní? Kò ní ìgbà àtijọ́. Ọdún 2007 ni TIGER/Line bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní shapefile, nítorí náà ìtàn Tennessee láti 1901 dé 1962 kò sí níbẹ̀. Láti kọjá láti búlọ́ọ̀kù 2010 sí ti 2020, Census Bureau ní fáìlì ìbátan, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ilẹ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ti NHGIS, àkójọ dátà ìkànìyàn kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó ń fi iye èèyàn wọ̀n ọ́n, sàn jù. Fún ẹni tí kò fẹ́ fọwọ́ kan tábìlì, Dave's Redistricting, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, á fi ààlà hàn án lórí bíráúsà, pẹ̀lú iye èèyàn àti èsì ìdìbò. Ó dára fún wíwò, ó sì dára fún yíya ààlà tiyín. Síbẹ̀, bó bá di pé ẹ fẹ́ fi iye èèyàn tó yí padà hàn níwájú ìgbìmọ̀, tábìlì búlọ́ọ̀kù ni kí ẹ gbé lọ.

Kò tún ní ọjọ́ ìdìbò, èyí sì ṣe pàtàkì fún ilé aṣòfin àgbà. Ní Wisconsin, ọdún mẹ́rin ni sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ ń lò. Agbègbè tí nọ́ńbà rẹ̀ kò ṣeé pín sí méjì, bíi 5 tàbí 17, dìbò ní 2022, èyí tó ṣeé pín, bíi 8, dìbò ní 2024. Ààlà tuntun jáde níbẹ̀ ní February 2024. Ẹni tó wà ní agbègbè tó ṣeé pín ní 2020, tó dìbò yan sẹ́nétọ̀ nígbà náà, tí ààlà tuntun wá gbé sí agbègbè tí kò ṣeé pín, kò tún ní dìbò fún sẹ́nétọ̀ títí di 2026. Ọdún mẹ́fà gbáko. Máàpù kò ní sọ ìyẹn fún yín. Ẹ fi nọ́ńbà àtijọ́ àti tuntun síra nínú tábìlì búlọ́ọ̀kù, kí ẹ yọ àwọn ìlà tó kúrò ní èyí tó ṣeé pín bọ́ sí èyí tí kò ṣeé pín, kí ẹ sì ro èèyàn wọn pọ̀.

Bó bá jẹ́ pé àdírẹ́sì nìkan lẹ ní lọ́wọ́, bí ìwé orúkọ ọmọ ìjọ tàbí ti ẹgbẹ́ ìlú, Census Geocoder, irinṣẹ́ Census Bureau tó ń wá ibi tí àdírẹ́sì wà, á ṣe é láìsí QGIS. Ẹ to àdírẹ́sì sínú fáìlì CSV, kọ́lọ́ọ̀mù márùn-ún: nọ́ńbà ìlà, ilé àti òpópónà, ìlú, ìpínlẹ̀, ZIP. Ó ń gba 10,000 lẹ́ẹ̀kan. Nọ́ńbà búlọ́ọ̀kù ló máa fi dá yín lóhùn, kò ní dárúkọ agbègbè ìdìbò, nítorí náà ẹ so ó mọ́ fáìlì búlọ́ọ̀kù tí ẹ ti gbà tẹ́lẹ̀. Níbi tí ó bá ti ní kí ẹ yan vintage, ìyẹn ọdún tí ààlà jẹ́ tirẹ̀, ẹ mú èyí tó jẹ́ Census2020, kí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ lè bá tiyín mu.